Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin àdúgbò àwọn Júù ní Róòmù, ṣé kí n gba gáìdì àbí kí n dá rìn?

Ọmọ Èkìtì Gwarinpa kọ ọ́ pé:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ sì kú oòrùn Abuja yìí. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá, mo sì mọ̀ pé ẹnì kan á ti débẹ̀ rí níbí. Àwa kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Kátólíìkì ni wá, a ń lọ sí Róòmù fún ìrìnàjò mímọ́, fisa ti jáde, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ètò tí wọ́n fún wa kún fọ́fọ́, ibojì Peteru, bàsílíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo ẹ̀ ṣáà ni, àmọ́ wọ́n fi ọjọ́ kan sílẹ̀ kí kálukú lọ síbi tó bá wù ú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tá a jọ ń lọ, ọjà ni wọ́n fẹ́ ná lọ́jọ́ yẹn. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdí ni pé láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ìwé Ìṣe Àpọ́sítélì gan-an, ibi tí Kíláúdíù ti lé gbogbo Júù kúrò ní Róòmù tí Ákúílà àti Pírísílà ìyàwó ẹ̀ fi sá wá sí Kọ́ríńtì tí wọ́n sì bá Pọ́ọ̀lù pàdé níbẹ̀, títí dé ìparí ìwé yẹn, tí Pọ́ọ̀lù dé Róòmù fúnra ẹ̀, tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìgbà tó dé ló ti ránṣẹ́ pe àwọn olórí Júù tó wà nílùú. Gbogbo ìgbà tí mo bá kà á ni mo máa ń bi ara mi pé àwọn Júù yẹn wá ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀? Ẹnì kan wá sọ fún mi pé àdúgbò wọn wà lẹ́bàá odò Tiber títí dòní, àti pé àwọn kan wà tó máa ń mú èèyàn fi ẹsẹ̀ rìn ín láti ojúlé dé ojúlé tí wọ́n á sì máa sọ ìtàn ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ó tó owó tí wọ́n ń gbà? Ṣé wọ́n máa jẹ́ kí Onígbàgbọ́ wọ inú sínágọ́gù? Aṣọ wo ni kí n wọ̀? Màmá mi náà ń bá mi lọ, wọ́n ti lé ní 70 ọdún, orúnkún sì máa ń dùn wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, Sátidé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.


Nọ́ọ̀sì Wuse dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúrasílẹ̀, Ọlọ́run á mú yín lọ á mú yín bọ̀. Sátidé tí ẹ sọ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó o, ẹ bẹ àwọn tó ń ṣètò kí wọ́n bá yín pààrọ̀ ẹ̀, torí Sátidé ni Sábáàtì, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn á tì pa, ìsìn á máa lọ nínú sínágọ́gù, ilé oúnjẹ tó jẹ́ tiwọn á tì, Fúráìdeè gan-an tó bá ti ń di ọ̀sán wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Láti Sọ́ńdè sí Tọ́sìdeé ló dáa jù, kí ẹ sì wò ó bóyá ọdún wọn kan ò bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ní ti owó, ó tó bẹ́ẹ̀, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n rán wa lọ ṣe tréníìnì ní Ítálì ni mo lọ, arábìnrin kan tó jẹ́ ọmọ àdúgbò yẹn gan-an ló mú wa rìn, ìyá ìyá ẹ̀ wà lára àwọn tó sá pamọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ ò lè fi ìyẹn wé kéèyàn máa ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Iwájú Portico d'Ottavia la ti bẹ̀rẹ̀, àwókù ilé olópòó kan ni, ayé Ọ̀gọ́sítọ́ọ̀sì Késárì ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ kí wọ́n tó bí Jésù, wọ́n wá tún un kọ́ ní nǹkan bí ọdún 203 lẹ́yìn tí wọ́n bí Jésù, ibẹ̀ ló padà wá di ọjà ẹja fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òkúta mábù kan wà lára ògiri níbẹ̀ tí wọ́n kọ èdè Látìn sí, ohun tó sọ ni pé ẹja tó bá ti gùn ju òkúta yẹn lọ, kí wọ́n gé orí ẹ̀ títí dé ibi lẹbẹ àkọ́kọ́ kí wọ́n gbé e fún àwọn ìjòyè ìlú. Bàbá bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ ló sọ sí mi lọ́kàn, torí bí wọ́n bá pa ẹran ńlá, ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ dé ààfin.

Ìbéèrè yín nípa àwọn Júù tí Pọ́ọ̀lù bá níbẹ̀, ìdáhùn ẹ̀ ni pé wọ́n ti wà ní Róòmù kí Pọ́ọ̀lù tó dé, ó lé ní 2,000 ọdún tí wọ́n ti ń gbé ìlú yẹn láì dáwọ́ dúró. Ojú wọn sì rí nǹkan. Lọ́dún 1555 ni Póòpù Paul Kẹrin gbé òfin jáde pé kí gbogbo Júù kó lọ sí ibì kan ṣoṣo lẹ́bàá odò, ibi tí omi máa ń ya wọ̀, wọ́n mọ ògiri yí wọn ká, wọ́n fi géètì sí i, tí ilẹ̀ bá ti ṣú wọ́n á ti géètì yẹn, ó di àárọ̀. Ọkùnrin wọn gbọ́dọ̀ dé fìlà aláwọ̀ ìyeyè, wọn ò gbọdọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀, òwò aṣọ òkìrìkà ni òfin gbà fún wọn láti máa ṣe. Sínágọ́gù kan péré ni wọ́n gbà wọ́n láyè, ni wọ́n bá kó ìjọ márùn-ún sábẹ́ òrùlé kan náà, ìjọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlànà tiẹ̀. Ọdún 1848 ni ògiri yẹn tó wó, 1870 ni òfin ẹ̀ tó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá nígbà tí ìjọba Ítálì gba Róòmù lọ́wọ́ Póòpù. 315 ọdún o, ẹ̀gbọ́n.

Ibi tó ká mi lára jù nínú ìyẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó ń jẹ́ San Gregorio della Divina Pietà, ó dojú kọ ibi tí géètì kan wà nígbà yẹn. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ inú Aísáyà 65 sí iwájú ẹ̀ ní èdè Hébérù àti Látìn, ibi tí Ọlọ́run ti ń sọ pé òun ń na ọwọ́ òun sí àwọn ọlọ̀tẹ̀ èèyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí àwọn Júù lè máa rí i tí wọ́n bá ń jáde. Wọ́n tún máa ń fi tipátipá kó wọn lọ gbọ́ ìwàásù ní ọjọ́ Sábáàtì wọn kí wọ́n lè di Kátólíìkì. Kátólíìkì lèmi náà, mo dúró síbẹ̀ mi ò lè sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó dé ọ̀rọ̀ ọdún 1943. Ní September ọdún yẹn tí àwọn Jámánì gba ìlú, Kappler tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá SS wọn ní kí àwọn Júù kó 50 kílò wúrà wá láàárín wákàtí 36, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á kó 200 èèyàn lọ. Àwọn èèyàn bọ́ òrùka ìgbéyàwó wọn, àwọn Kátólíìkì kan náà mú wúrà wá, wọ́n kó o jọ, ó pé. Síbẹ̀ náà, ní October 16, Sátidé ni, ní ìdájí, wọ́n yí àdúgbò náà ká wọ́n sì ń kó tọmọdé tàgbà láti ilé dé ilé. Ó lé ní 1,000 èèyàn tí wọ́n kó lọ sí Auschwitz, àgọ́ tí àwọn Jámánì ti ń pa àwọn Júù ní Poland, àwọn 16 ló padà wálé, obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú wọn, Settimia Spizzichino lorúkọ ẹ̀, wọ́n ti fi orúkọ ẹ̀ sọ afárá kan ní Róòmù báyìí. Tí ẹ bá ń rìn, ẹ máa wo ilẹ̀ iwájú ilé dáadáa, ẹ ó rí àwọn òkúta kéékèèké tí wọ́n fi idẹ bo ojú wọn, orúkọ ẹni tó ń gbé ilé yẹn, ọdún tí wọ́n bí i, ọjọ́ tí wọ́n mú un, ibi tí wọ́n pa á sí, gbogbo ẹ̀ ló wà lójú òkúta. Ẹlòmíì ò tíì pé ọdún kan. Gunter Demnig, ará Jámánì tó máa ń ṣe iṣẹ́ ọnà, ló bẹ̀rẹ̀ irú òkúta yìí, 2010 ló kọ́kọ́ dé Róòmù.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un torí iṣẹ́ mi: ẹ ní kí gáìdì mú yín gba Ponte Fabricio kọjá lọ sí erékùṣù àárín odò, afárá yẹn ti wà láti ọdún 62 kí wọ́n tó bí Jésù, èèyàn ṣì ń rìn lórí ẹ̀ dòní. Ọsibítù kan wà lórí erékùṣù yẹn, Fatebenefratelli ni wọ́n ń pè é nígbà ogun yẹn. Nígbà tí wọ́n ń wá àwọn Júù kiri, àwọn dókítà ibẹ̀ gbà wọ́n sí wọ́ọ̀dù, wọ́n wá dá orúkọ àìsàn kan sílẹ̀ tí kò sí níbì kankan láyé, Àrùn K, òun ni wọ́n kọ sínú fáìlì wọn, wọ́n sọ fún àwọn sójà Jámánì pé ó máa ń ran èèyàn kíákíá. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí àwọn sójà wọlé. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ mi.


Ọ̀dọ́ Lugbe dáhùn pé:

Ẹ má bínú o ẹ̀yin àǹtí wa, ṣùgbọ́n pẹ̀lú bí owó yúrò ṣe rí báyìí, kí lẹ fẹ́ san owó gáìdì fún? Gbogbo ìtàn yìí ló wà lórí YouTube, ẹ ki íápíìsì sétí, ẹ tan máàpù, ẹ rìn. Kí ẹ fi owó yẹn ra nǹkan fún àwọn ọmọ.


Bàbá Kubwa dáhùn pé:

Ọmọ mi Lugbe, mo gbọ́ ẹ, ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí kò jẹ́ kí àdúgbò yẹn rí bí àwọn ibòmíì. Ilé tí wọ́n ń gbé nígbà tí ògiri yẹn wà, wọ́n ti wó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní ìparí ọ̀rúndún 19, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ògiri ńlá tó ń dá odò Tiber dúró. Sínágọ́gù márùn-ún tí nọ́ọ̀sì wa sọ yẹn, iná jó o lọ́dún 1893, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣé o rí i báyìí, tí o bá dá lọ, títì tó mọ́ lo máa rí, ilé oúnjẹ àti àwọn tó jókòó ń mu kọfí, wàá kọjá lórí ibi tí géètì wà, o ò ní mọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló lè dá ẹ dúró pé ibí yìí ni, wò ó. Fídíò ò mọ ibi tí o dúró sí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dáhùn ìbéèrè tó bá wá sí ẹ lọ́kàn.

Ohun kejì ni pé ibẹ̀ kì í ṣe ibojì. Èyí ṣe pàtàkì sí mi gidi. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ sírú ibẹ̀ bíi pé ìtàn òkú nìkan ni wọ́n lọ gbọ́, àmọ́ ilé ìwé àwọn ọmọ wọn wà níbẹ̀, àwọn àgbà máa ń jókòó síta ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ. Àwọn Júù láti Líbíà náà wà láàárín wọn, àwọn tó sá kúrò ní Tripoli lọ́dún 1967, oúnjẹ tiwọn àti orin tiwọn ni wọ́n gbé wá. Gáìdì tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ á kí ẹni tó mọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á bá yín rẹ́rìn-ín. Torí ẹ̀ ni mo fi ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó má ṣe gba gáìdì lásán, kó gba ti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Júù fúnra wọn, ó wà nínú sínágọ́gù ńlá yẹn níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ló ń mú èèyàn wọ sínágọ́gù náà, owó yẹn sì ń padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni ìtàn.

Sínágọ́gù yẹn, 1904 ni wọ́n ṣí i. Òkè ẹ̀ ní igun mẹ́rin, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má bàa jọ òkè ṣọ́ọ̀ṣì tó yí i ká, èèyàn á sì rí i látọ̀ọ́kán. Tí ẹ bá wọlé kí ẹ gbójú sókè, àwọ̀ òṣùmàrè ni wọ́n fi kun abẹ́ ẹ̀. Ní April 13, 1986, Póòpù John Paul Kejì wọ ibẹ̀, wọ́n bá àwọn Júù gbàdúrà, wọ́n sì pe àwọn Júù náà ní ẹ̀gbọ́n àwa Kátólíìkì. Mo rántí bí fádà wa ṣe sọ ọ́ lórí pẹpẹ nígbà náà.

Ẹ máa rí sójà tó gbé ìbọn láyìíká, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ní October 9, 1982, àwọn agbébọn kọlu àwọn tó ń jáde ní sínágọ́gù yẹn, wọ́n pa ọmọ ọdún 2, ọ̀pọ̀ sì farapa. Wọ́n á yẹ báàgì yín wò, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání, ẹ ní sùúrù fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ní lè dé Róòmù láìpẹ́, ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀sìn Júù wà ní Abuja wa níbí? Ìjọ kan wà ní Kubwa, sínágọ́gù Gihon wà ní Jikwoyi, ọmọ Ígbò ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n gbà pé ọ̀dọ̀ Ísírẹ́lì àtijọ́ ni ìran àwọn ti wá. Ìjọba Ísírẹ́lì ò tíì fọwọ́ sí i, síbẹ̀ wọ́n ń pa Sábáàtì mọ́, wọ́n ń kọ́ ọmọ wọn ní Hébérù. Bí ẹ bá fẹ́ lọ kí wọn, ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wọn, ẹ má kàn já lù wọ́n pẹ̀lú kámẹ́rà.


Ọmọ Ìlọrin ní Kano dáhùn pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mùsùlùmí lèmi, Sábó-Gàrí ni wọ́n bí mi sí, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, inú mi dùn sí i gan-an. Mo fẹ́ fi ti ọ̀dọ̀ wa kún un torí àwọn èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ Júù jìnnà sí ilẹ̀ Háúsá, kò jìnnà rárá.

Àlúfàá ńlá kan wà tó ń jẹ́ al-Maghili, ará Tlemcen ní Algeria òde òní. Ní òpin ọ̀rúndún 15 ó wà ní Tuat, ìlú ọlọ́pẹ inú aṣálẹ̀ tí àwọn ọlọ́jà máa ń gbà kọjá, àwọn Júù sì ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n ní sínágọ́gù tiwọn ní Tamentit. Al-Maghili ní kí wọ́n wó o. Adájọ́ ìlú yẹn, al-Asnuni, Mùsùlùmí bíi tiẹ̀, sọ pé rárá, òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn àlúfàá Fez àti Tlemcen, ẹnu wọn ò kò. Àfìgbà tí wọ́n wó sínágọ́gù yẹn, tí wọ́n sì pa nínú àwọn Júù. Lẹ́yìn ẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ wá sí apá ọ̀dọ̀ wa, ó dé Kano lásìkò Sàríkì Muhammad Rumfa, ó kọ ìwé ìmọ̀ràn fún un lórí bí ọba ṣe gbọ́dọ̀ ṣe ìjọba, ó tún lọ sí Gao, ní Mali òde òní, lọ́dọ̀ Áskíà Muhammad tó jẹ́ ọba Songhai. Títí dòní, àwọn ará Ṣàrífài nínú bìrní Kano, ìyẹn ìlú àtijọ́ tí wọ́n mọ odi yí ká, ń tọpa ìran wọn lọ bá a. Àwọn tó ń mú àlejò rin Kano máa ń dárúkọ ẹ̀ tí wọ́n bá dé ààfin, apá Tuat yẹn ni mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Ó yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́, àti ti al-Asnuni tó dúró ti òtítọ́ náà.

Bàbá Kubwa dárúkọ àwọn Júù Tripoli. Nígbà tí ọ̀nà aṣálẹ̀ ṣì ń lọ geere ní ọ̀rúndún 19, ìyẹ́ ògòǹgò wà lára ohun tí wọ́n ń dì sẹ́yìn ràkúnmí láti Kano lọ sí Tripoli, àwọn oníṣòwò Júù tó wà níbẹ̀ wà lára àwọn tó ń fowó sí i, tí wọ́n sì ń fi ṣọwọ́ sí Yúróòpù kí àwọn obìnrin lè fi ṣe fìlà. Torí náà ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá bá ará Tripoli kan pàdé ní Róòmù, ẹ sọ fún un pé ẹ mọ Kano.

Ọ̀rọ̀ ògiri àti géètì yẹn, mo rò ó dáadáa. Àwọn òyìnbó ló ya Sábó-Gàrí sọ́tọ̀ fún àwa àlejò láti gúúsù, wọ́n ní ká má gbé inú bìrní, a mọ bó ṣe máa ń rí kí wọ́n fi ẹ̀yà èèyàn pín ilẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tì wá mọ́lé lálẹ́. Mi ò ní fi méjèèjì wéra. Mo kàn ń sọ ohun tó máa wá sí ọkàn ọmọ Sábó tó bá dúró níbẹ̀ ni.


Ọmọ Èkìtì Gwarinpa kọ ọ́ pé:

Ha, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti pe ẹni tó ń ṣètò, wọ́n ti gbà kí èmi àti màmá lọ ní Tuesday, nígbà tí àwọn yòókù bá ń sinmi. Mo ka ọ̀rọ̀ San Gregorio yẹn fún màmá, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní àwọn fẹ́ dé ibẹ̀ lọ gbàdúrà. Alhaji, ọ̀rọ̀ al-Asnuni yẹn wọ̀ mí lára, mi ò gbọ́ ọ rí. Ó ku ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ màmá, àti Ọ̀nà Títù, ẹnu ọ̀nà ńlá olókùúta ayé àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ ọ̀pá fìtílà tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù sí lára, ṣé a lè fi kún un lọ́jọ́ kan náà?


Nọ́ọ̀sì Wuse dáhùn pé:

Ẹ má fi kún un, ẹ̀gbọ́n. Inú ọgbà Forum, níbi àwókù Róòmù àtijọ́, ni Ọ̀nà Títù wà, tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ lọ́tọ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì ni ibẹ̀, orúnkún màmá ò ní gbà á. Ẹ fi sí ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ń kó gbogbo yín lọ sí Colosseum, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ni, kí ẹ sì sọ fún màmá pé ọ̀pọ̀ ọdún làwọn Júù Róòmù fi kọ̀ tí wọn ò gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, torí wọ́n gbẹ́ bí àwọn ará Róòmù ṣe kó ẹrù tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù lẹ́yìn ogun ọdún 70 síbẹ̀.

Ní Tuesday yẹn, láti apá Peteru Mímọ́, ẹ wọ báàsì 64, ẹ sọ̀ ní Largo Argentina, ìrìn díẹ̀ ló kù, ẹ di báàgì yín mú dáadáa nínú báàsì yẹn. Àdúgbò náà ò tóbi, ilẹ̀ ẹ̀ tẹ́jú, òkúta kéékèèké tí wọ́n tò sílẹ̀ ni wàhálà ẹ̀, kí màmá wọ bàtà pẹlẹbẹ tó di ẹsẹ̀ mú. Kí ẹ̀yin méjèèjì bo èjìká. Wọ́n sọ fún wa pé ká má ya fọ́tò nínú sínágọ́gù, ẹ fi fóònù sínú báàgì. Tí ẹ bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ fún gáìdì látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ ní àgbàlagbà, wọ́n á rọra rìn.

Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ jókòó sí ọ̀kan nínú àwọn ilé oúnjẹ ojú títì Portico d'Ottavia kí ẹ béèrè carciofi alla giudia, ewébẹ̀ kan tí òyìnbó ń pè ní artichoke ni, ó dà bí òdòdó tó pa ẹnu dé, wọ́n máa ń dín in nínú òróró títí ewé ẹ̀ á fi là tí á sì gan, oúnjẹ àwọn Júù Róòmù gan-an nìyẹn. Ìgbà òtútù sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn wọn ló máa ń tutù yọ̀yọ̀. Kò ní ata o, màmá lè mú ata gígún tiwọn dání.